Ṣé ẹ̀bùn ni owó tí à ń fi sílẹ̀ fún agbáwo lókè òkun, àbí gbèsè?

Tíṣà Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́, béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará àjò, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè òkun, nítorí pé èmi àti ìyàwó mi tún ń múra láti lọ kí ọmọbìnrin wa ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, ọkọ ọmọ wa mú wa lọ sí ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Owó oúnjẹ gbogbo wa jẹ́ dọ́là 118. Mo ń wò ó bí ó ṣe mú kálámù, tí ó sì kọ dọ́là 24 mìíràn sí ìsàlẹ̀ ìwé owó náà bí ẹni tó ń san owó orí. N kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ mọ́tò tán, mo bi í léèrè ohun tí ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá ṣe fún wa ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dá mi lóhùn pé, "Dádì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn." Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fi "bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn" dá mi lóhùn rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà ṣe wọ́n lálejò ní ilé oúnjẹ mìíràn. Dọ́là 90 ni owó rẹ̀. Mo ka 92 sílẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa. Ọmọbìnrin tó ti ń rẹ́rìn-ín sí wa láti ìgbà tí a ti jókòó wo owó náà, ojú rẹ̀ yí padà, kò sì dágbére fún wa. Bí a ṣe dé ìdí mọ́tò, ọmọ mi ní òun gbàgbé nǹkan, ó sì padà wọlé. Ìyàwó mi ló sọ fún mi lálẹ́ pé owó ló lọ fi kún un. Ó dùn mí púpọ̀. Ahun kọ́ ni mí, àwọn tó mọ̀ mí ní Tákìé lè jẹ́rìí sí i, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa fi owó bo ojú mi lẹ́yìn mi.

Níbí, ìyá tí mo ti ń jẹ ọ̀kà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ogún ọdún ló máa ń fi èènì ẹran sínú àwo mi. Ẹni tó ń tà ló ń bu kún un fún ẹni tó ń rà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń rà ló ń bu kún un. Ìbéèrè mi nìyí: bí tíìpù yìí bá jẹ́ ẹ̀bùn, kí ló dé tó fi ní iye? Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè, kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ mọ́ iye oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní London kò kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀ ìwé owó nígbà tí a lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àti pé, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá wálé ní oṣù Kejìlá, wọ́n ń fún ẹni tó gbé oúnjẹ 3,000 náírà wá ní 5,000 náírà. Kí ni kí àwa tí owó ìfẹ̀yìntì ni à ń jẹ ṣe nígbà tí wọ́n bá ti padà lọ?

Ọmọ Ajílété ní Texas dáhùn pé:

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, LAUTECH ni mo ti kàwé, mo sì gbé àwo fún ọdún mẹ́rin ní ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó rí iṣẹ́ tí mo kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkọ ọmọ yín kò rí àyè sọ nínú mọ́tò.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí owó iṣẹ́ wákàtí kan má ṣe dín sí dọ́là 7.25, láti ọdún 2009 ni iye yẹn ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gba ọ̀gá ilé oúnjẹ láyè láti san dọ́là 2.13 péré fún agbáwo, bí tíìpù tí agbáwo ń gbà bá ti lè dí ìyókù. Dọ́là 2.13 yìí kò tíì yí padà láti ọdún 1991, Texas sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lò ó. Bí tíìpù kò bá tó, òfin ní kí ọ̀gá fi owó tirẹ̀ dí i, ṣùgbọ́n níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá lọ béèrè ni wọ́n máa ń dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Níṣojú mi ni wọ́n ti ṣe é fún ẹni méjì. Owó orí tíìpù náà tún ń jáde lára owó wákàtí wa, torí náà ìgbà púpọ̀ ni ohun tó kù nínú owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kì í tó ra epo sí mọ́tò. Owó ilé mi, owó oúnjẹ mi, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé, orí tábìlì àwọn oníbàárà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ohun kan tún wà tí oníbàárà kì í mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí iṣẹ́ bá parí lálẹ́, agbáwo kọ̀ọ̀kan ní láti yọ owó fún ẹni tó ń palẹ̀ tábìlì mọ́ àti ẹni tó ń po ọtí, wọn kì í sì í ṣírò rẹ̀ lórí tíìpù tó wọlé. Orí iye oúnjẹ tí agbáwo náà tà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a fi oúnjẹ dọ́là 90 yẹn wò ó, Bàbá. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 70, bẹ́ẹ̀ dọ́là 2 ni ẹ fi sílẹ̀. Bí ilé oúnjẹ tí ẹ lọ bá ń ṣe bíi tiwa, ọmọ yẹn ì bá yọ sẹ́ǹtì 70 láti àpò ara rẹ̀ nítorí pé ó gbé oúnjẹ fún yín, bí kì í bá ṣe pé ọmọ yín padà wọlé. N kò sọ èyí láti fi bá yín wí. Ẹ kò mọ̀, òun náà kò sì mọ̀ pé ẹ kò mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ní ọdún mẹ́rin yẹn kì í ṣe ìrìn tàbí àwo wúwo. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bá wọlé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí aṣọ òfì wọn ń dán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò máa sá fún tábìlì wọn, wọn yóò sì sọ fún mi pé, "Àwọn ènìyàn rẹ ti dé." Èmi ni yóò gba tábìlì náà. Mo máa ń kí àwọn àgbà bí a ṣe kọ́ mi nílé, wọn yóò gbàdúrà gígùn fún mi, wọn yóò sì fi dọ́là kan sílẹ̀. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọn tọkàntọkàn, mo ṣì gbà á títí dòní, ṣùgbọ́n owó ilé wà nílẹ̀ tí mo ní láti san, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ti rí ohun tí wọn yóò fi máa ṣe àpèjúwe gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti jókòó tí ẹnì kan sì ń gbé oúnjẹ wá fún yín, ẹ fi ìdá 18 sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́kàn kí ẹ tó pàṣẹ oúnjẹ rárá. Ìdá 15 ni kí ó kéré jù. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé owó náà dáadáa, nítorí wọ́n lè ti fi kún un fúnra wọn. Níbi tí ẹ bá ti dúró gba oúnjẹ lórí káńtà, ẹ̀rọ ìsanwó yóò béèrè tíìpù náà, àmọ́ kò sí ẹni tí inú rẹ̀ yẹ kó bàjẹ́ bí ẹ kò bá fi nǹkan sí i. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà, bíi California, Washington àti Minnesota, tí agbáwo ti ń gba owó wákàtí rẹ̀ ní kíkún kí tíìpù tó dé. Síbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò dẹ́kun láti máa fi í sílẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn, Ọ̀yọ́, dáhùn pé:

Tíṣà, ìbéèrè yín jinlẹ̀. Mo kàn fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lára ohun tí ẹ sọ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó ń tà nìkan ló ń bu kún. Ẹ wo àwọn onídùndún wa ní Ọ̀yọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n sí òde. Wọn yóò dé, ìyáàlù yóò fi oríkì baba yín pè yín, ẹ ó jó, ẹ ó sì fi owó lé wọn níwájú orí. Kò sí iye tí wọ́n dá, kò sí ìwé owó, ṣùgbọ́n gbogbo òde ló mọ̀ pé ẹni tó bá jó tán tí kò sì mú nǹkan jáde ti jẹ gbèsè. Owó yẹn ni onílù fi ń tọ́ ọmọ. Bí ẹ̀bùn ló rí lójú, owó iṣẹ́ sì ni. A ti mọ irú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọ bàálù lọ sí Houston.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé onílù kò ní ọ̀gá. Kò sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó ń kó èrè ìlù, tó sì ń retí pé kí àwọn ará òde bá òun san owó ọmọṣẹ́ òun. Ní Amẹ́ríkà, ẹni bẹ́ẹ̀ wà, ìtàn sì jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Àṣà àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù ni tíìpù. Àwọn ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ ló gbé e wálé. Lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní 1865, àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira sí iṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láti máa wá ìyókù lọ́wọ́ èrò. Èyí tó lókìkí jù ni ilé iṣẹ́ Pullman, tó ní àwọn yàrá ibùsùn inú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọkùnrin dúdú tó ń tẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ń gbé ẹrù, tí wọ́n sì ń nu bàtà níbẹ̀ kò ní orúkọ lójú ọ̀pọ̀ èrò. "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ìyẹn orúkọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, A. Philip Randolph sì ni olórí wọn. Ọdún 12 gbáko ni wọ́n fi jà kí ilé iṣẹ́ náà tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn ní 1937. Ara ohun tí wọ́n jà fún ni owó oṣù tí ènìyàn lè gbára lé láìna ọwọ́ sí èrò.

Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kórìíra àṣà yìí nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Washington fi òfin dè é ní 1909, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1926, kò sí èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn òfin náà. Nítorí náà, Tíṣà, bí ẹ bá fi dọ́là 18 sílẹ̀ lórí 90, ẹ ń bá ọ̀gá ọmọ náà san owó iṣẹ́ ni. Ó tọ́ kí inú bí wa sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, inú ń bí èmi gan-an, àmọ́ kò yẹ kí ìbínú náà bọ́ sórí ẹni tó gbé àwo.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ọ̀yọ́, London, dáhùn pé:

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti san tirẹ̀, Bàbá, láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní London ló ń fi owó ìtọ́jú oníbàárà kún ìwé owó fúnra wọn, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ìtọ́jú náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Láti oṣù Kẹwàá 2009, òfin kò gbà kí ọ̀gá kankan fi tíìpù dí owó wákàtí tó kéré jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024 sì ni òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England, Scotland àti Wales pé gbogbo tíìpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá má sì ṣe yọ nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó le fún mi níbí ni òdìkejì ọ̀rọ̀ yín. Kí n tó gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, mo ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe, àwọn tó gbà mí sì kà á léèwọ̀ pé kí a gba owó lọ́wọ́ ẹni tí à ń tọ́jú. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí mò ń wẹ̀ fún ní àràárọ̀, láti ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó di Kérésìmesì. Lọ́jọ́ kan, ó na 20 pọ́n-ùn sí mi. Ní ilé wa ní Ọ̀yọ́, bí àgbà bá na owó sí ọmọ, ọmọ yóò kúnlẹ̀ ni, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò sì dúpẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti tàbùkù àgbà. Mo kọ̀ ọ́. Ìyá náà rò pé owó náà ló kéré lójú mi, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé títí ó fi yé e, ó sì fi káàdì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kejì. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà á, bó ti wù kí ó kéré tó, nítorí pé ó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́, ó sì lè dé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yín.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Berlin dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì fi ń pe tíìpù túmọ̀ sí "owó ọtí," ti àwọn ará Faransé sì túmọ̀ sí "láti fi mu," bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé "ẹ fi èyí mu omi." Níbí, ìdá 5 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Bí owó oúnjẹ bá jẹ́ yúrò 27.60, ẹ ó kàn sọ pé kí ó mú 30 nígbà tí ẹ bá ń sanwó. A kì í fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kí a tó lọ. Ní Faransé, òfin ti ní kí owó ìtọ́jú wà nínú iye tí wọ́n kọ sára oúnjẹ. Ní Japan, ẹ má ṣe fi nǹkan kan sílẹ̀, nítorí wọ́n lè sáré tẹ̀ lé yín láti dá a padà.

Olóúnjẹ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́, dáhùn pé:

Ẹ ti sọ ti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí n dá Tíṣà lóhùn lórí ti ilé, nítorí pé ọ̀rọ̀ mi ni. Mo ń ta àmàlà nítòsí ọjà Akẹ̀sán, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló sì ń bá mi ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń san owó oṣù wọn, n kì í sì í ka ohun tí oníbàárà bá fún wọn mọ́ ọn. Àmọ́ ní Kérésìmesì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ará òkè òkun ná wọn lówó débi pé ọmọ méjì ń já àwo gbà lọ́wọ́ ara wọn nítorí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kúkurú. Nígbà tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, bàbá kan tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ láti oṣù Kìíní jókòó fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ni yóò jẹ. Ojú tì mí gidigidi. Ọmọ tó ń ro ọ̀kà nínú ooru lẹ́yìnkùlé àti èyí tó ń fọ àwo kò rí kọ́bọ̀ nínú owó náà, nítorí pé wọn kì í dé iwájú oníbàárà.

Láti ìgbà náà, igbá onídèérí kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Owó yòówù tí oníbàárà bá fún ẹnikẹ́ni, inú igbá yẹn ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé sì ni wọ́n ń pín in lọ́gbọọgba níṣojú ara wọn. N kì í fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi sí i, àwo rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ti ẹni tó ní lọ, ọmọ tí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé, owó yín wúlò fún àwọn ọmọ yìí, mo rí ẹni tó fi tirẹ̀ san owó ìdánwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè igbá náà, kí ẹ má ṣe mú ẹnì kan ṣoṣo. Tíṣà, ẹ jẹ ọ̀kà yín kí ọkàn yín balẹ̀. Oníbàárà ogún ọdún ni ẹ jẹ́ fún ìyá Tákìé yẹn, òun náà sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí èènì ẹran fi ń wọ inú àwo yín.

Tíṣà Àgbà, Ògbómọ̀ṣọ́, padà wá, ó ní:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá lọ́wọ́ ọmọ mi tó wà ní Texas. Mo ka ìṣirò sẹ́ǹtì 70 yẹn sókè fún ìyàwó mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní kí n pe Houston. Mo pè é, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi pé mo jẹ́ kí ó padà wọ ilé oúnjẹ yẹn lẹ́yìn mi, mo sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìdáhùn rẹ̀ nínú mọ́tò kún díẹ̀ lójú mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì yẹ kí ó ṣàlàyé. Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ti ra igbá fínfín kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, mo fẹ́ mú un lọ fún un. Ṣé ó bójú mu bẹ́ẹ̀? Ṣé ó sì lè dípò tíìpù ní ọjọ́ náà?

Ọmọ Ajílété ní Texas dáhùn pé:

Ó bójú mu, Bàbá. Ẹ fún un ní igbá náà, kí ẹ sì sọ ibi tí ó ti wá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ìdá 20 sínú rẹ̀ kí ẹ tó dé e.